Ẹni Tó Yẹ Bíréèkì Wò

Sálúbàtà ni Ketaki Salokhe kọ́kọ́ rí, kó tó rí ẹni tó wọ̀ ọ́. Sálúbàtà aláwọ ni, irú èyí tí wọ́n ń fọwọ́ rán ní ìlú Kolhapur ní Íńdíà, ẹrẹ̀ dúdú oko ìrèké sì ti bò ó dé etí. Orí ilẹ̀ tí Ketaki fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ nù tán ló dúró sí. Abẹ́ ọkọ̀ funfun kan ni Ketaki wà lásìkò náà ní ilé iṣẹ́ tó ń ta ọkọ̀ tuntun, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó fi eyín mú tọ́ọ̀ṣì, ó ń fọwọ́ tọ ibi tí òróró bíréèkì ń gbà kọjá.

Ó yọ tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. "Ẹ̀yin oníbàtà yìí, ṣé oko lẹ rò pé ẹ wà ni?"

Bàtà náà kò fèsì. Ẹsẹ̀ kan yọ jáde nínú rẹ̀, èkejì tẹ̀ lé e, ọwọ́ kan sì gbé bàtà méjèèjì kúrò nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni orí kan tẹ̀ wálẹ̀ lódìkejì, ẹ̀rín kún ojú rẹ̀.

"Ẹ má bínú," ni orí náà wí. "Ṣé ọkọ̀ yín lẹ wà lábẹ́ rẹ̀ yìí, àbí ọkọ̀ wa?"

"Títí ẹ ó fi gbé e lọ, tèmi ni."

Bí Sarang Chougule ṣe wọ ayé Ketaki nìyẹn, láìwọ bàtà. Ọmọ kan ṣoṣo Dattajirao ni, àgbẹ̀ onírèké tí ilẹ̀ rẹ̀ lọ salalu létí odò, ẹni tí gbogbo abúlé ń pè ní Aba, tí ahọ́n rẹ̀ sì mú ju àdá tó fi ń gé ìrèké lọ. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò wọ agbo ilé wọn nìyí. Ọjọ́ ọdún Dasara ni wọ́n fẹ́ gbé e, torí ohun tuntun tó bá wọlé lọ́jọ́ náà, ire ló ń bá wọlé. Ara Sarang ni kò gbà á kó dúró dìgbà náà, ló bá wá yọjú wò ó.

Àwọn èèyàn rò pé ọkọ̀ tuntun ti pé láti ilé tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rò ó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù ló gùn wá, ó jókòó sí gbangba ní gbogbo àsìkò òjò, eku wọ inú rẹ̀ wò, bátìrì rẹ̀ kú, irin bíréèkì rẹ̀ dípẹtà. Iṣẹ́ Ketaki ni kó yẹ gbogbo rẹ̀ wò, kó tún èyí tó bà jẹ́ ṣe, kó gùn ún jáde kó gùn ún wọlé, kó tó fọwọ́ sí i pé ó yá. Bó bá ti fọwọ́ sí i, orúkọ rẹ̀ ló fi ṣe onídùúró. Òun nìkan sì ni obìnrin níbi iṣẹ́ náà. Àṣìṣe tí wọn ì bá fi ẹ̀rín gbé kọjá fún ọkùnrin, tirẹ̀ ni wọ́n á máa sọ títí ayé.

Lọ́jọ́ Dasara, ẹsẹ̀ ò gbèrò níbẹ̀. Ẹbí kọ̀ọ̀kan ló ní wákàtí ire tí àlùfáà yàn fún un, Aba sì fẹ́ kí tirẹ̀ jáde kí oòrùn tó kan àtàrí. Ketaki gun ọkọ̀ náà yí ọgbà ká lẹ́ẹ̀kan sí i, ó gbọ́ ohun kan tó ń ha lẹ́sẹ̀ iwájú. Nígbà tó tú táyà, ó rí i pé ìpẹtà ti jẹ irin bíréèkì ju bó ṣe rò lọ. Inamdar, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, bẹ̀rẹ̀ sí etí rẹ̀, ó ní kó jẹ́ kí wọ́n máa gbé e lọ, àwọn á ṣe é nígbà tí wọ́n bá gbé e wá fún ìtọ́jú àkọ́kọ́.

"Ọ̀gá, ẹ fún ẹlòmíì ní kọ́kọ́rọ́ kó fọwọ́ sí i," ni Ketaki wí. "Èmi ò ní í fọwọ́ sí i."

Inamdar bú u títí, kò gbin. Ó pààrọ̀ irin náà, ó fọ̀ ọ́, ó dì í padà, ó tún gùn ún jáde. Wákàtí ire Aba ti lọ tèfètèfè kó tó gbé ọkọ̀ wá síwájú, gíríìsì dé ìgúnpá rẹ̀. Aba kò wo ojú rẹ̀. Ìyá Aba, tí gbogbo ilé ń pè ní Aaji, ló fi àtíkè pupa sàmì sí iwájú ọkọ̀, tó ti ọsàn wẹ́wẹ́ bọ abẹ́ táyà, tó sì rẹ́rìn-ín sí ọmọbìnrin náà láìsọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ tún bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí Ketaki fẹ́ ṣí ọ̀rá tí wọ́n fi bo ilẹ̀ ọkọ̀ náà kúrò. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Ẹni tó bá bọ́ ọ̀rá lára ọkọ̀ tuntun ti sọ ọ́ di àlòkù nìyẹn lójú wa. Àwọn kan wà tí ọkọ̀ wọn ti darúgbó, tí wọ́n ṣì ń làágùn lórí ọ̀rá. Ketaki ní kí wọ́n fi ti orí àga sílẹ̀ bó bá wù wọ́n, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí òun ká ti ilẹ̀, torí ó ń yọ̀, ibẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ tó ń tẹ bíréèkì wà. Aba bi í pé ta ló bi í. Ó ní ó ti gba wákàtí ire lọ́wọ́ òun, ó tún fẹ́ gba ọ̀rá. Wọ́n sì gbé ọkọ̀ lọ tòun tọ̀rá.

Sarang ló dúró gbọ́ ìyókù. Ketaki sọ fún un pé kó má sáré fún ẹ́ńjìnnì náà títí yóò fi mọ ara rẹ̀, kó má máa tẹ bíréèkì lójijì, kó má fi ọṣẹ líle wẹ̀ ẹ́, kó sì gbé e wá lásìkò kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ àkọ́kọ́. Sarang ní òun ò lè rántí gbogbo rẹ̀, àfi kó fún òun ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Irọ́ ni. Ó rántí gbogbo rẹ̀ pátá, Ketaki sì mọ̀, ó sì fún un ní nọ́ńbà náà.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Sarang á pè é pé ọkọ̀ ń kùn. Ketaki á ní kó gbé fóònù sún mọ́ ọn, á gbọ́ díẹ̀, á ní ohun tó ń kùn yẹn kì í ṣe ọkọ̀, ẹ̀rọ tó ń fa omi sóko ìrèké wọn ni. Sarang á ní òun mọ̀. Ó ń gbé ọkọ̀ wá kí wọ́n wọn afẹ́fẹ́ táyà tí kò jò. Ó di pé wọ́n jọ ń jẹ misal, ọbẹ̀ ẹ̀wà aláta wa, ní ṣọ́ọ̀bù tó wà lódìkejì títì, ata rẹ̀ á máa mú Sarang lójú, Ketaki á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ àgbẹ̀ ń sunkún nítorí ata.

"Ata kọ́," Sarang wí lọ́jọ́ kan. "Mo fẹ́ ọ ni. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kó dùn."

Ketaki wo ọwọ́ ara rẹ̀, èékánná tí gíríìsì kò kúrò nínú rẹ̀ rí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó bà á lẹ́rù. "O sọ ọ́ dáadáa," ó ní. "Ó ku kó o sọ ọ́ nílé yín."

Ilé wọn gan-an ni ọ̀ràn wà. Nígbà tí Sarang dárúkọ rẹ̀, Aba bi í bóyá ọmọ tó ń sùn sábẹ́ ọkọ̀ yẹn ni, èyí tó ba wákàtí ire òun jẹ́. Ó ní ibi ṣì ń bọ̀ lórí ọkọ̀ náà, wọn á sì mọ ẹni tó fà á. Sarang bẹ Ketaki pé kó ní sùúrù. Ní Sunday tó ń bọ̀, òun máa gbé Aba àti Aaji lọ kí òrìṣà lórí òkè Jyotiba, bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, tí ọkàn Aba ti rọ̀, òun á tún ọ̀rọ̀ náà sọ.

Wọn kò sọ̀ kalẹ̀ lálàáfíà. Ẹnu Inamdar ni Ketaki ti gbọ́, kì í ṣe ẹnu Sarang, ìyẹn gan-an sì kọ́kọ́ dùn ún. Níbi kọ́nà tó burú jù lójú ọ̀nà òkè náà, Sarang tẹ bíréèkì, bíréèkì kò wọlẹ̀. Ó yí ọkọ̀ kọlu ògiri òkúta, ó ń ha lọ lára rẹ̀ kó tó dúró. Apá Aba kán. Ẹsẹ̀ díẹ̀ sí i, inú ọ̀gbun ni wọn ì bá bá gbogbo wọn.

Ẹ̀rù tó ba Ketaki lọ́jọ́ náà kò ṣe é fẹnu sọ. Ó tú táyà yẹn, ó sì dì í padà lọ́kàn rẹ̀ láìmọye ìgbà. Ṣé ó dì í le? Ṣé nǹkan kan ṣẹ́ kù? Wàrànwàrà tí wọ́n ń kó bá a lọ́jọ́ Dasara, ṣé kò jẹ́ kó fojú fo nǹkan kan? Ìyá rẹ̀ gbé bhakri, búrẹ́dì pẹlẹbẹ, síwájú rẹ̀, ó tutù síbẹ̀. Ó pe Sarang, kò gbé e. Ọ̀rọ̀ ṣókí kan ṣoṣo ló fi ránṣẹ́: "Ara wa le. Jọ̀ọ́, fún mi láyè díẹ̀." Ketaki kà á títí, kò rí ìfẹ́ níbẹ̀, kò rí ìbínú, ìyẹn sì tún burú jù.

Aba ní kí wọ́n lé ọmọ náà, kí wọ́n sì fún òun ní ọkọ̀ mìíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun á gbé e dé iwájú ilé ẹjọ́. Inamdar ní kí Ketaki lọ jókòó sílé ná. Wọ́n fa ọkọ̀ wá, mẹkáníìkì mìíràn yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní òun ò rí àléébù kankan lára bíréèkì. Aba ní kí ni wọ́n retí kó sọ, ṣé ajá á jẹ́rìí pé òun ló jẹ ẹran ni? Ketaki bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun wò ó, Inamdar kọ̀, ó ní wọn á sọ pé ó lọ tún un ṣe ní kọ̀rọ̀.

Nígbà tí gbogbo ọ̀nà dí, Ketaki lọ bá wọn lọ́jọ́ tí Aba àti Sarang wá ṣèpàdé lọ́dọ̀ Inamdar.

"Ẹ jẹ́ ká gbé e padà sórí òkè yẹn," ó ní. "Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Èmi ni màá gùn ún sọ̀ kalẹ̀. Bí bíréèkì bá kọ̀, inú rẹ̀ ni mo wà."

Aba wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Dasara. Ó ní kó gùn ún bó bá ti sú u láyé, àwọn á dúró dè é nísàlẹ̀. Nígbà náà ni Sarang, tó ti ń tẹjú mọ́lẹ̀ látàárọ̀, sọ pé òun á jókòó tì í.

Oòrùn ọ̀sán ń ta lórí òkè Jyotiba. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà ti ha, ọ̀rá ilẹ̀ rẹ̀ sì ń ró wùrùwùrù lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ketaki di sítíárìn mú, ó rántí ìyá rẹ̀, ó tú bíréèkì ọwọ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Ó tẹ bíréèkì díẹ̀, ó mú. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún mú. Ṣùgbọ́n ó mú fún Sarang náà lọ́jọ́ yẹn títí ó fi dé kọ́nà. Kọ́nà náà yọ níwájú wọn, funfun ọ̀dà ọkọ̀ ṣì wà lára ògiri òkúta. Sarang ń làágùn yọ̀bọ̀.

"Dúró," ó ní. "Ketaki, jọ̀ọ́, dúró."

Ketaki tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ dúró pátápátá.

"Bíréèkì kọ́ ló ṣẹlẹ̀," Sarang wí. "Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn."

Ó wá ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Àgbọn tí àlùfáà súre sí fún Aaji lórí òkè, Aaji gbé e sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀, ó yí gbirigbiri lórí ọ̀rá, ó gba abẹ́ àga kọjá, ó lọ há sábẹ́ irin tí ẹsẹ̀ fi ń tẹ bíréèkì. Ìgbà tí ẹsẹ̀ Sarang ta á dànù ni bíréèkì mú, tí ọkọ̀ sì dúró. Ó sọ àgbọn náà sínú igbó kí Aba tó rí i. Aaji ti ń sọ látọjọ́ yìí pé òun ti di ẹrù sí wọn lọ́rùn, ẹ̀yin sì mọ ẹnu Aba. Bí Aaji bá gbọ́ pé àgbọn òrìṣà tí òun gbé lọ́wọ́ ló ṣẹ́ apá ọmọ òun, oúnjẹ ò ní í gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Ó ní òun rò pé wọ́n á kàn tún ọkọ̀ ṣe ni, òun ò mọ̀ pé wọ́n máa lé Ketaki.

"Nígbà tó o wá mọ̀ ńkọ́?"

Sarang yíjú sí fèrèsé.

"Mo ti ń rò pé èmi ni mo fẹ́ẹ́ pa yín," Ketaki wí. "Mi ò jẹun. Mo ń wo ọwọ́ mi bí ọwọ́ apànìyàn. O mọ̀, o sì jẹ́ kí n máa rò ó." Ó tún di sítíárìn mú. "Ìdí tó o fi lè bá mi jókòó lónìí nìyẹn. Ìwọ mọ̀ pé bíréèkì dára. Èmi ni mi ò mọ̀."

Sarang fi ọwọ́ bojú. Ketaki gun ọkọ̀ náà dé ìsàlẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ fún Aba. Ó ní bíréèkì wọn dára, ó sì dúró síbẹ̀. Ó pinnu pé òun ò ní sọ ìyókù. Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n kò bá lè sọ ọ́, kò sí ohun tí òun ń bá a ṣe mọ́.

Aba ní wọ́n ti tún un ṣe ní kọ̀rọ̀. Inamdar bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́.

"Aba, èmi ni," Sarang wí. "Èmi ni mo gbé àgbọn sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó yí lọ sábẹ́ bíréèkì. Mo rí i, mo sọ ọ́ nù, mo dákẹ́."

Aaji ti jókòó sórí òkúta kan lẹ́bàá ọ̀nà. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti ara rẹ̀ dìde.

"Ìdajì rẹ̀ nirọ́," ó ní. "Dattaji, àgbọn mi ni. Èmi ni mo gbé e sílẹ̀. Mo gbọ́ nígbà tó ń yí lọ. Mo mọ̀ láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀rù ìwọ ọmọ mi ló bà mí. Ìgbà tí mo rí ọmọ ọlọ́mọ tó wọ ọkọ̀ yìí lọ sókè láti lọ fi ẹ̀mí ara rẹ̀ tọrọ orúkọ rẹ̀, ni mo mọ̀ pé ayé mi ti gùn jù fún irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀."

Aba wo ìyá rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ti rí ikú lójúkojú, síbẹ̀ wọ́n bẹ̀rù òun jù ú lọ. Ó rìn lọ síbi ọkọ̀, ó ṣílẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ kan tó kù fún un bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọ̀rá ilẹ̀ ya. Ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa, kò sẹ́ni tó bá a fà á.

Iṣẹ́ Ketaki padà sọ́wọ́ rẹ̀, Inamdar sì ń pè é ní ìyá ní gbangba. Sarang ni kò padà sí àyè rẹ̀. Ẹ̀yin á ní kó dárí jì í kíákíá, ṣebí ìyá àgbà ló ń dáàbò bò. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò ìyá àgbà nínú ìyà ló mọ bó ṣe dùn tó. Ketaki fẹ́ràn rẹ̀ síbẹ̀, ohun tó sì ń bí i nínú jù nìyẹn. Nígbà tí Sarang gbé ọkọ̀ wá fún ìtọ́jú àkọ́kọ́, tó tò sẹ́yìn àwọn èèyàn bí gbogbo ayé, Ketaki ní kí ẹlòmíì bá a pààrọ̀ ọ́ìlì.

Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lẹ́yìn náà ni Aba fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá Ketaki pé àwọn fẹ́ wá wo ọmọ fún ìgbéyàwó. Wọ́n dé, Aba, Aaji àti Sarang, wọ́n jókòó sórí ẹní nínú yàrá kékeré náà. Ìyá Ketaki ti din pohe bí ìṣe wa lọ́jọ́ ìwòmọ, ìrẹsì pẹlẹbẹ olóòórùn àlùbọ́sà, tí ọmọ tí wọ́n wá wò máa ń gbé fún àlejò kí wọ́n tó bi í léèrè ìwà àti iṣẹ́. Aba kọ́kọ́ wúkọ́.

"Bó o bá ti gbọ́ tèmi lọ́jọ́ Dasara," ó ní, "ìpẹtà yẹn ì bá ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí àgbọn kúrò. Gbogbo wa ni ì bá lọ. Mi ò ní ìbéèrè kankan tí mo fẹ́ bi ọ́."

"Èmi ni mo ní ìbéèrè, bàbá," Ketaki wí. "Mo fẹ́ bi Sarang."

Ìyá rẹ̀ ṣẹ́jú sí i, Ketaki ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ó gbé àwo pohe dání, kò tíì gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ó bi Sarang pé bí nǹkan mìíràn bá ṣẹlẹ̀ lọ́la, ta ni yóò kọ́kọ́ sọ òtítọ́ rẹ̀ fún?

"Ìwọ," Sarang wí.

"Bó bá ṣe pé èmi gan-an ni mo ṣe é ńkọ́? Tó jẹ́ pé ó yẹ kí gbogbo ayé gbọ́?"

Ketaki rí i pé Sarang ń rò ó ní tòótọ́, ẹ̀rù sì ń bà á bó ṣe ń dúró. Ó mọ èsì tó lè jẹ́ kí òun gbé àwo náà padà sí ilé ìdáná.

"Màá sọ ọ́," Sarang wí níkẹyìn. "N ò ní fi ẹlòmíì dí i fún ọ. Lẹ́yìn náà màá dúró tì ọ́, kí wọ́n jọ bú wa."

Aaji nu ojú rẹ̀. Ketaki bẹ̀rẹ̀, ó gbé àwo náà fún Sarang, ó sì jókòó tì í lórí ẹní.